Ẹ sọ kẹ̀kẹ́ jíà àtijọ́ yẹn di fixed: bá a ṣe ń ṣe é ní Ògbómọ̀ṣọ́

Ẹ jẹ́ kí n tètè là á mọ́lẹ̀ kí ẹni tí ò bá wù lè bá tiẹ̀ lọ. Lórí kẹ̀kẹ́ fixed, ẹsẹ̀ ò lè sinmi. Tí táyà ẹ̀yìn bá ti ń yí, pẹ́dà náà ń yí nìyẹn, ẹ̀ báà máa gun òkè, ẹ̀ báà máa sọ̀ kalẹ̀, ẹ̀ báà fẹ́ yà ní kọ́nà. Kò sí ariwo ta-ta-ta tí kẹ̀kẹ́ máa ń pa téèyàn bá gbé ẹsẹ̀ dúró, torí kò sí fíríwíìlì, jíà ẹ̀yìn tó ń jẹ́ kí táyà máa yí nígbà tẹ́sẹ̀ dúró, nínú ẹ̀ rárá. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ dín eré kù, ẹsẹ̀ lẹ máa fi ta ko pẹ́dà. Irú ẹ̀ ni wọ́n fi ń sáré nínú velodrome, pápá tí wọ́n kọ́ fún eré kẹ̀kẹ́: jíà ẹyọ kan, kò sí bíréèkì, kò sí ìdọ̀tí wáyà kankan lára ẹ̀.

Velodrome tá a ní ní Nàìjíríà wà l'Ábújá, wọ́n kọ́ ọ fún All-Africa Games ọdún 2003. Ṣùgbọ́n kẹ̀kẹ́ track, ìyẹn kẹ̀kẹ́ inú velodrome gan-an, ṣọ̀wọ́n lọ́dọ̀ wa débi pé Ese Ukpeseraye tó ṣojú Nàìjíríà ní Olympics Paris lọ́dún 2024, kẹ̀kẹ́ táwọn Jámánì yá a ló fi díje nínú keirin àti sprint, eré inú velodrome méjèèjì. Tí ẹni tó lọ Olympics bá lè yá kẹ̀kẹ́, èmi àti ẹ̀yin tá a wà ní Takié, ẹ jẹ́ ká gbájú mọ́ èyí tọ́wọ́ wa lè tó jàre. Èyí tọ́wọ́ tó náà ni kẹ̀kẹ́ eré àtijọ́ onírin, tòkúnbọ̀ tí hándù ẹ̀ ká sísàlẹ̀, tí jíà ẹ̀ ti kú tí ò sẹ́ni tó fẹ́ rà á.

Ohun kan tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ fi sọ́kàn ká tó bẹ̀rẹ̀ ni pé gbogbo iṣẹ́ yìí, inú táyà ẹ̀yìn ló wà. Àwọn èèyàn máa ń náwó lórí ọ̀dà, lórí hándù, lórí ìjókòó aláwọ̀ mèremère, tí wọ́n bá wá dé orí họ́ọ̀bù ẹ̀yìn, ìyẹn àárín táyà tí sípóòkù so mọ́, wọ́n á ní kí wẹ́dà kàn bá àwọn jó o pọ̀. Ìdàkejì ẹ̀ ló yẹ kó jẹ́.

Rírà

Ẹ mú òòfà dání tẹ́ ẹ bá ń lọ, èyí tó wà lẹ́yìn spíkà rédíò tó ti bàjẹ́ náà tó. Ẹ gbé e sára férémù. Tó bá lẹ̀, irin ni, ẹ máa bá ọ̀rọ̀ lọ. Tí ò bá lẹ̀, alumíníọ̀mù ni, mi ò sọ pé ò ṣeé lò o, ṣùgbọ́n irin gba kẹ́ ẹ fẹ̀ ẹ́ díẹ̀ tàbí kẹ́ ẹ fún un pọ̀ díẹ̀, alumíníọ̀mù ò gbà, ṣe ló máa là.

Lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, kẹ́ ẹ wo ibi tí ásùlù táyà ẹ̀yìn, irin tó gba àárín họ́ọ̀bù kọjá, ti wọnú férémù. Ibí yìí ló ṣe pàtàkì jù nínú gbogbo ohun tẹ́ ẹ máa wò. Lára àwọn kẹ̀kẹ́ àtijọ́, ihò yẹn nà gbọọrọ síwájú sẹ́yìn, ẹ lè ti táyà síwájú, ẹ lè fà á sẹ́yìn. Lára àwọn tó dé lẹ́yìn wọn, ihò náà dúró ṣánṣán, òkè sísàlẹ̀, táyà ò ní ibi tó máa sún sí. Èyí tó nà gbọọrọ lẹ fẹ́. Ìdí ni pé lára kẹ̀kẹ́ jíà, irin kékeré kan wà nísàlẹ̀ tó ń fa ṣéènì kó má baà dẹ̀, àwa máa yọ irin yẹn dànù, torí náà táyà fúnra ẹ̀ la máa fi fa ṣéènì le. Tí táyà ò bá lè sún, ṣéènì ò lè le, kò síṣẹ́ nìyẹn.

Ẹ mú rúlà, ẹ wọn àlàfo tó wà láàárín ihò òsì àti ihò ọ̀tún, láti inú sí inú. Èyí tó jẹ́ jíà 5 lẹ́yìn sábà máa ń jẹ́ mílímítà 120, èyí tó jẹ́ 6 tàbí 7 máa ń jẹ́ 126, tó bá ti di jíà 8 sókè, 130 ni. Họ́ọ̀bù track gangan, 120 ni, nítorí náà kẹ̀kẹ́ tó bá jẹ́ 120 ti bá yín ṣe ìdajì iṣẹ́. 126 náà ò burú, wọ́ṣà mílímítà 3 lọ́tùn-ún, 3 lósì, ó ti dí. 130, ẹ fi 5, 5 sí i.

Ṣé férémù náà tọ́? Ẹ má gba ti ẹni tó ń tà á gbọ́. Ẹ so òwú mọ́ ihò ásùlù òsì, ẹ fà á lọ síwájú yí páìpù tí hándù wọ̀ ká, ẹ dá a padà wá sí ihò ọ̀tún, kẹ́ ẹ fà á le. Ẹ wá fi rúlà wọn láti ara òwú dé ara páìpù ìjókòó, lọ́tùn-ún, kẹ́ ẹ tún wọn tòsì. Tí méjèèjì bá dọ́gba, férémù tọ́. Tó bá fi mílímítà 1 tàbí 2 yàtọ̀, kò sí wàhálà. Tó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, mọ́tò ti gbá a tàbí ó ti já sí kòtò rí, ẹ kí ẹni tó ń tà á kẹ́ ẹ máa lọ. Ẹ tún wo abẹ́ ibi tí bẹ́rín kíráǹkì (apá irin tí pẹ́dà so mọ́) wà, omi máa ń dúró síbẹ̀, ibẹ̀ ni dógùn-ún ti máa ń jẹ irin láti inú wá. Ẹ fi èékánná gbá a, ìró ẹ̀ máa sọ fún yín bóyá irin ṣì wà níbẹ̀ àbí ọ̀dà nìkan ló kù.

Ara táyà náà, ẹ kà á. Àwọn kan kọ 27 x 1 1/4, àwọn mìíràn kọ 700C. Rììmù méjèèjì jọra lójú ṣùgbọ́n wọn ò dọ́gba, ti 27 fi mílímítà 8 tóbi ju ti 700C, táyà ọ̀kan ò ní jókòó lórí èkejì. Ẹ béèrè táyà tó wà ní ìgboro kẹ́ ẹ tó pinnu.

Ní ti owó, jíà tó bàjẹ́ ni ohun ìjà yín. Ọmọ tó ń tà á máa ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má wulẹ̀ ṣèyọnu, màá bá yín tún jíà ẹ̀ ṣe kí ilẹ̀ tó ṣú." Ẹ dá a lóhùn pé, "Àbúrò, fi jíà sílẹ̀ bó ṣe wà, owó ẹ̀ ni kó o bá mi yọ kúrò." Ẹ má jẹ́ kó mọ̀ pé ẹ̀yin gan-an lẹ ò fẹ́ jíà o.

Títú u

Èyí ò pẹ́. Jíà, wáyà jíà, irin tó ń ta ṣéènì níwájú àti lẹ́yìn, ṣéènì àtijọ́, gbogbo ẹ̀ kúrò. Nọ́ọ̀tì tó bá ti dógùn-ún, ẹ da kẹrosíìnì sí i lálẹ́, ilẹ̀ á mọ́ kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kàn án, ẹ má fi sípánà tó ti jẹ ẹnu bá a jà. Pẹ́dà ọ̀tún ń tú bí nọ́ọ̀tì yòókù ṣe ń tú, ṣùgbọ́n pẹ́dà òsì, ìdàkejì ló ń yí, ọ̀pọ̀ kíráǹkì ló ti bàjẹ́ nítorí pé ẹni tó ń tú u ò mọ èyí. Ẹ tú bẹ́rín iwájú àti ti kíráǹkì, ẹ fọ̀ ọ́, ẹ fi gíríìsì tuntun sí i. Eruku ọyẹ́ ìlú yìí nìkan tó láti sọ gíríìsì àtijọ́ di yanrìn.

Bíréèkì iwájú, ẹ má tú u. Màá sọ ìdí ẹ̀.

Táyà ẹ̀yìn

Ó yá, ẹ fara balẹ̀ níbí.

Họ́ọ̀bù track ní ìrẹ́ (ojú tó rí bíi ti bóòtì tí nǹkan ń wé mọ́) méjì ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún, wọ́n tò bí àtẹ̀gùn. Èyí tó tóbi ni kọ́ọ̀gì, jíà ẹyọ kan eléyín tí ṣéènì ń yí, máa ń wé mọ́, ọ̀nà ọ̀tún ló ń le sí bíi nọ́ọ̀tì gbogbo. Èyí tó kéré tó wà níta, ìrẹ́ ẹ̀ yí sódì, òsì ló ń le sí, ibẹ̀ ni lọ́ọ̀kì-ríìngì, òrùka irin tó ń ti kọ́ọ̀gì mọ́ ibi tó wà, máa ń wọ̀. Ẹ wo ọgbọ́n tó wà nídìí ẹ̀: tẹ́ ẹ bá fi ẹsẹ̀ ta ko pẹ́dà láti dín eré kù, kọ́ọ̀gì máa fẹ́ tú, tó bá ti fẹ́ tú á lọ kọlu lọ́ọ̀kì-ríìngì, ibi tí kọ́ọ̀gì ń tì í sí sì ni lọ́ọ̀kì-ríìngì fi ń le sí i. Ìyẹn ni ò ṣe lè tú. Gbogbo ìyàtọ̀ tó wà láàárín kẹ̀kẹ́ tó ń gbé èèyàn lọ àti èyí tó máa gbé èèyàn ṣubú, ibẹ̀ ló wà.

Tí owó bá wà, ẹ ra táyà ẹ̀yìn tó ti ní họ́ọ̀bù yìí láti orí íntánẹ́ẹ̀tì tàbí kẹ́ ẹ rán ẹni tó ń lọ Èkó. Tẹ́ ẹ bá lè ra họ́ọ̀bù nìkan, ẹni tó mọ sípóòkù tò dáadáa á bá yín tò ó mọ́ rììmù tẹ́ ẹ ní. Kí wọ́n fún yín lọ́ọ̀kì-ríìngì mọ́ ọn o, àwọn kan máa ń tà á lọ́tọ̀.

Ọ̀nà kejì ni kẹ́ ẹ lo họ́ọ̀bù àtijọ́ tó wà lára kẹ̀kẹ́ yẹn. Kò ṣeé ṣe lára gbogbo kẹ̀kẹ́. Ẹ yí jíà ẹ̀yìn sẹ́yìn kẹ́ ẹ máa wo àárín ẹ̀, níbi tí irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń tú u ti máa ń wọ̀. Tí àárín yẹn bá dúró jẹ́ẹ́ tí àwọn eyín jíà nìkan ń yí, fíríwíìlì aláyìípo ni, ó ṣe é lò. Tí àárín náà bá ń bá eyín yí, kásẹ́ẹ̀tì ni, kò ní ìrẹ́ tí kọ́ọ̀gì track lè wé mọ́, ẹ padà sí ọ̀nà àkọ́kọ́.

Tó bá jẹ́ fíríwíìlì, ẹ máa nílò irinṣẹ́ tó bá àárín ẹ̀ mu gẹ́lẹ́, èyí tó ní eyín púpọ̀ tàbí èyí tó ní ìka méjì, kò sí àrà tẹ́ ẹ lè fi ṣíṣù àti òòlù dá níbẹ̀. Ẹ tú nọ́ọ̀tì ásùlù, ẹ ki irinṣẹ́ náà bọ̀ ọ́, ẹ fi nọ́ọ̀tì yẹn dè é díẹ̀ kó má baà fò jáde. Ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ wẹ́dà tàbí tọ́nà tó ní fáìsì tó wúwo, kí fáìsì di irinṣẹ́ yẹn mú, kí táyà dojú sókè. Ẹ wá fi ọwọ́ méjèèjì di rììmù mú, kẹ́ ẹ yí i bí ìgbà tí dírẹ́bà bá ń kọ stíárìn sí òsì. Kò ní fẹ́ gbà. Ẹni tó ń gùn ún tẹ́lẹ̀ ti fi ọ̀pọ̀ ọdún gun òkè lórí ẹ̀, gbogbo agbára yẹn ló ti fún un mọ́ họ́ọ̀bù. Ẹ pe ẹnì kan kó bá yín di apá kejì. Tó bá máa gbà, ẹ máa gbọ́ "kà!" lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, rììmù á sún díẹ̀ lọ́wọ́ yín. Ẹ dúró níbẹ̀, ẹ dẹ nọ́ọ̀tì ásùlù yẹn kẹ́ ẹ tó máa yí i lọ, torí bó ṣe ń tú ló ń tì í síta, á sì fi nọ́ọ̀tì ba ìrẹ́ ásùlù jẹ́.

Ìrẹ́ tó wà nídìí fíríwíìlì àtijọ́ yìí, ó bá ti kọ́ọ̀gì track mu lára ọ̀pọ̀ kẹ̀kẹ́, 1.37 íǹṣì, eyín 24 nínú íǹṣì kan. Ẹ fi gíríìsì pa á, ẹ wé kọ́ọ̀gì mọ́ ọn. Lọ́ọ̀kì-ríìngì tó máa wà níta rẹ̀, èyí tí wọ́n ń lò fún bẹ́rín kíráǹkì ní ìwọ̀n kan náà, òun náà á wọ̀ ọ́. Ìṣòro ẹ̀ ni pé ọ̀nà kan náà ni òun àti kọ́ọ̀gì jọ ń tú sí. Tẹ́ ẹ bá ta ko pẹ́dà pẹ̀lú agbára, méjèèjì lè jọ tú kúrò lẹ́ẹ̀kan náà. Torí náà tẹ́ ẹ bá gba ọ̀nà yìí, bíréèkì méjèèjì gbọ́dọ̀ wà lára kẹ̀kẹ́, iwájú àti ẹ̀yìn, ẹ má sì fi ẹsẹ̀ dá kẹ̀kẹ́ dúró, ẹ kàn máa fi ẹsẹ̀ rọra dín eré kù ni. Àwọn kan máa ń fi gọ́ọ̀mù tí kì í jẹ́ kí nọ́ọ̀tì tú sí ìrẹ́ ẹ̀. Ó máa ń ran nǹkan lọ́wọ́, ṣùgbọ́n kò sọ ọ́ di họ́ọ̀bù track.

Ọ̀nà kẹta ni ti wẹ́dà, ẹ máa gbọ́ ọ kẹ́ ẹ tó parí ọ̀rọ̀. "Ẹ gbé fíríwíìlì yẹn wá kí n jó o pọ̀, iṣẹ́ ìṣẹ́jú márùn-ún ni." Ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀, ẹ má gbà. Òótọ́ ni pé tó bá jó o pọ̀ kò ní yí lófo mọ́, ṣùgbọ́n ìrẹ́ tó wà lẹ́yìn ẹ̀ ṣì ń tú bó ṣe ń tú tẹ́lẹ̀, kò sí lọ́ọ̀kì-ríìngì kankan tó dì í mú, irin fíríwíìlì sì jẹ́ irin líle tó máa ń là níbi tí iná bá ti jó o. Mo ti rí èyí tó là níwájú ẹnu ọ̀nà Under G nílùú wa níbí, ẹni tó wà lórí ẹ̀ fò jáde bí ẹ bá rí i ẹ máa rẹ́rìn-ín, àmọ́ orúnkún ẹ̀ kò rẹ́rìn-ín.

Yálà ọ̀nà àkọ́kọ́ tàbí ìkejì, ẹ lo ásùlù oní-nọ́ọ̀tì. Èyí tí wọ́n ń fi ọwọ́ dè kíákíá, táyà máa ń sún síwájú lórí ẹ̀ tẹ́ ẹ bá tẹ pẹ́dà le. Sípánà 15 ni nọ́ọ̀tì ẹ̀yìn sábà máa ń gbà.

Fún àwọn tó gba ọ̀nà kejì, iṣẹ́ kan kù. Fíríwíìlì ti gba ààyè púpọ̀ lápá ọ̀tún, ó sì ti lọ báyìí. Ẹ mú wọ́ṣà gígùn tó wà lórí ásùlù lápá ọ̀tún, ẹ gbé lára ẹ̀ lọ sápá òsì títí họ́ọ̀bù fi máa wà láàárín. Rììmù máa wá yà sí ọ̀tún. Ẹ fi sípóòkù dá a padà: ẹ dẹ ti ọ̀tún, ẹ fún ti òsì, ìdá mẹ́rin yíyí kan lẹ́ẹ̀kan, ẹ máa yí táyà nínú férémù kẹ́ ẹ máa wò ó. Ẹni tí ò bá ní sùúrù, kó gbé e fún ẹni tó ń to sípóòkù, kò wọ́n.

Iwájú, àti bí ṣéènì ṣe máa tọ́

Kíráǹkì kẹ̀kẹ́ eré àtijọ́ sábà máa ń ní sìpírókẹ́ẹ̀tì (àwo eléyín tí ṣéènì ń wọ̀) méjì, eyín 52 níta, eyín 42 nínú. Ẹ yọ 52. Ẹ fi 42 sílẹ̀ níbi tó wà, nínú. Bóòtì tó dè wọ́n máa gùn jù báyìí, ẹ wá èyí tó kúrú tàbí kẹ́ ẹ fi wọ́ṣà dí i, ẹ má fi sílẹ̀ kó máa mì.

Ìdí tí mo fi ní ẹ fi í sínú ni pé ṣéènì gbọ́dọ̀ tọ́ bí òwú. Kọ́ọ̀gì lára họ́ọ̀bù track wà ní bíi mílímítà 42 sí àárín kẹ̀kẹ́, ipò inú lórí ọ̀pọ̀ kíráǹkì méjì náà sì sún mọ́ 42. Ẹ wọn ọ́n láti àárín páìpù ìjókòó dé àárín eyín sìpírókẹ́ẹ̀tì, kẹ́ ẹ tún wọn ti ẹ̀yìn. Tí wọ́n bá fi mílímítà 1 yàtọ̀, ẹ jẹ́ kó lọ. Tó bá ju 2 lọ, ẹ ṣí wọ́ṣà ásùlù, ẹ ti táyà sí ọ̀tún tàbí òsì, kẹ́ ẹ tún rììmù dá sáàárín. Ṣéènì tó wọ́ máa ń pariwo, ó máa ń jẹ eyín, ọjọ́ tó bá sì bọ́ kúrò lórí fixed kò dà bíi tí kẹ̀kẹ́ yòókù, á wé mọ́ kọ́ọ̀gì, táyà ẹ̀yìn á há pẹ́kí.

Ṣéènì fúnra ẹ̀ nìkan ló rọrùn jù. Èyí tó wà fún Raleigh àtijọ́, ti àwọn bàbá wa tí wọ́n fi ń lọ oko, íǹṣì 1/8 ni fífẹ̀ ẹ̀, òun náà ni wọ́n ń lò lórí track. Ó máa wọ sìpírókẹ́ẹ̀tì kẹ̀kẹ́ eré láìsí wàhálà bó tilẹ̀ jẹ́ pé eyín tiyẹn tín-ín-rín díẹ̀. Ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń ta pátì kẹ̀kẹ́ ní ọjà, kì í wọ́n rárá. Ẹ má lo ṣéènì ọ̀kadà, ó yàtọ̀.

Eyín mélòó lẹ́yìn? Ìlú wa ò tẹ́ pẹrẹsẹ, ó ń gòkè ó ń sọ̀, torí náà ẹ má tẹ̀lé àwọn tó ń fi 52 àti 14 ṣe fáàrí. 42 níwájú, 16 lẹ́yìn, ó dáa fún ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀: tẹ́ ẹ bá ń yí pẹ́dà bí ìgbà márùndínláàádọ́ta láàárín ìdajì ìṣẹ́jú, ẹ ti ń sáré tó bíi kìlómítà 30 ní wákàtí kan. Tí òkè bá pọ̀ lójú ọ̀nà yín, 17 tàbí 18. Àwọn tó fẹ́ràn kí táyà ẹ̀yìn máa fà gbùrù nílẹ̀ tí wọ́n bá ta ko pẹ́dà, ẹ ṣọ́ra fún 48 àti 16, torí 48 pín sí 16 géérégé lọ́nà mẹ́ta, ojú kan náà lára táyà ló máa ń kan ilẹ̀ nígbà gbogbo, láìpẹ́ ẹ máa rí túùbù níbẹ̀. Pẹ̀lú 42 àti 16, ojú mẹ́jọ ló ń pín in jẹ.

Fífà á le

Ẹ fi táyà sínú ihò ẹ̀, ẹ gbé ṣéènì kọ́, ẹ fa táyà sẹ́yìn. Ẹ dè nọ́ọ̀tì ọ̀tún díẹ̀, ẹ ti rììmù sí àárín láàárín páìpù méjèèjì, ẹ dè tòsì, kẹ́ ẹ wá padà dè ọ̀tún pátápátá. Ẹ fi ìka kan tẹ ṣéènì láàárín méjì, lókè, ó yẹ kó lè lọ sókè sódò bíi sẹ̀ǹtímítà 1, kò gbọ́dọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, kò sì gbọ́dọ̀ le gan-an-gan-an. Ẹ wá yí pẹ́dà lọ́wọ́ díẹ̀díẹ̀ yípo, kẹ́ ẹ máa tẹ ṣéènì bẹ́ẹ̀. Ẹ máa rí i pé níbì kan ó le, níbòmíràn ó dẹ̀, sìpírókẹ́ẹ̀tì tó yí po láìsí àléébù ò wọ́pọ̀. Ibi tó le jù yẹn lẹ máa fi ṣe ìwọ̀n sẹ̀ǹtímítà kan yẹn, kẹ́ ẹ má fi ibi tó dẹ̀ ṣe é.

Ẹ jọ̀ọ́, tẹ́ ẹ bá ń nu ṣéènì tàbí ẹ ń fi ọ́ìlì sí i, kò gbọdọ̀ sí pé táyà ń yí kẹ́ ẹ máa fi rágì di ṣéènì mú. Lára kẹ̀kẹ́ yòókù, ṣéènì á dúró tí nǹkan bá há. Lára fixed kò ní dúró, táyà tó ń yí á wọ́ rágì àti ìka lọ sí ìdí kọ́ọ̀gì, á sì gé e. Ìka ti lọ báyìí lọ́pọ̀ ibi lágbàáyé. Ẹ dá táyà dúró, ẹ nu ibì kan, ẹ yí i síwájú, ẹ dá a dúró, ẹ nu òmíràn. Bákan náà ni ẹsẹ̀ ṣòkòtò: ẹ ká a, ẹ fi rọ́bà dè é. Okùn bàtà, ẹ ki í bọ inú.

Kọ́ọ̀gì gbọ́dọ̀ le kẹ́ ẹ tó fi lọ́ọ̀kì-ríìngì sí i. Ẹ fi irinṣẹ́ ẹlẹ́ṣéènì, irin gígùn tó ní ṣéènì díẹ̀ lẹ́nu, fà á dáadáa sí ọ̀tún. Ẹ fi lọ́ọ̀kì-ríìngì sí i, ẹ fún un. Kẹ́ ẹ wá gun kẹ̀kẹ́ lọ sí òkè kan, ẹ tẹ̀ ẹ́ gan-an, ẹ má ta ko pẹ́dà rárá, ẹ fi bíréèkì nìkan dúró. Ẹ padà wálé, ẹ tún fún lọ́ọ̀kì-ríìngì, ẹ máa yà á lẹ́nu pé ó ṣì gbà. Ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀kan sí i.

Bíréèkì, àti ìdí tí mo fi ń pariwo ẹ̀

Nínú velodrome, gbogbo èèyàn ń lọ síbì kan náà, kò sẹ́ni tó ń ta ọsàn láàárín ọ̀nà, kò sí ewúrẹ́. Ìyẹn ni wọn ò ṣe nílò bíréèkì. Ní Ògbómọ̀ṣọ́, ọ̀kadà á já yọ látinú kọ́nà, kẹ̀kẹ́ Márúwá á dúró lójijì gbé èrò, ìyá kan á gbé igbá sọdá. Bíréèkì iwájú lágbára ju ẹsẹ̀ lọ fíìfíì, torí tẹ́ ẹ bá ń dúró gbogbo ẹrù ló ń wá síwájú. Tí ṣéènì bá sì já, ẹsẹ̀ ò wúlò mọ́, bíréèkì nìkan ló kù. Ẹ fi wáyà tuntun sí i, ẹ fi rọ́bà tuntun sí i, ẹ fi rágì àti kẹrosíìnì nu ẹ̀gbẹ́ rììmù kí ọ̀rá kúrò. Tẹ́ ẹ bá ti yí rììmù 27 padà sí 700C, rọ́bà bíréèkì máa ga jù fún mílímítà 4, ẹ sún un wálẹ̀ tí ààyè bá wà.

Ẹ tún nílò okùn tàbí àgò ìka ẹsẹ̀ lórí pẹ́dà. Kì í ṣe fáàrí. Tí ẹsẹ̀ bá yọ lórí fixed nígbà tẹ́ ẹ ń sọ̀ kalẹ̀, pẹ́dà ò ní dúró dè yín, á máa yí, á máa gbá yín ní ojúgun.

Gígùn un

Ọjọ́ àkọ́kọ́, ẹ wá ilẹ̀ títẹ́, ọjọ́ Àìkú láàárọ̀ nígbà táwọn èèyàn wà ní ṣọ́ọ̀ṣì, ojú títì máa ń dákẹ́. Ẹ gbé ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ sókè díẹ̀ kẹ́ ẹ lè yí pẹ́dà sí ibi tẹ́ ẹ fẹ́ kẹ́ ẹ tó gùn ún. Ara yín máa gbàgbé, ẹsẹ̀ yín á fẹ́ dúró, kẹ̀kẹ́ á ta yín sókè lórí ìjókòó. Ẹ má bínú, ẹ kàn máa yí ẹsẹ̀ lọ.

Ní kọ́nà, pẹ́dà inú ṣì ń yí, ẹ ò lè gbé e sókè dúró, torí náà tẹ́ ẹ bá tẹ̀ jù ó máa gbá ilẹ̀, á sì gbé táyà ẹ̀yìn kúrò nílẹ̀. Kẹ̀kẹ́ track gidi ní kíráǹkì tó kúrú, mílímítà 165, bẹ́rín ẹ̀ sì ga. Kẹ̀kẹ́ eré tiwa sábà máa ń jẹ́ 170, ó sì rẹlẹ̀. Ẹ fi bíréèkì dín eré kù kẹ́ ẹ tó dé kọ́nà, ẹ má tẹ̀ ẹ́ púpọ̀. Lórí bọ́ǹpù, ẹ dìde díẹ̀ lórí ìjókòó, kí orúnkún rọ̀, kí ẹsẹ̀ máa yí lọ.

Ẹ má gbé e lọ sójú ọ̀nà Ìlọrin o, kò tíì yá. Àwọn tíréélà ibẹ̀ ò mọ̀ pé ẹ̀ ń kọ́ iṣẹ́.

Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, kẹ́ ẹ tó jáde láàárọ̀, ẹ fi sípánà kan nọ́ọ̀tì ẹ̀yìn méjèèjì, ẹ fi ìka tẹ ṣéènì, ẹ wo lọ́ọ̀kì-ríìngì. Ẹ fi ọ̀dà funfun tàbí ọ̀dà èékánná fa ìlà kékeré kan kọjá lára lọ́ọ̀kì-ríìngì dé ara kọ́ọ̀gì. Tí ìlà yẹn bá ti pín sí méjì láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó ti ń tú nìyẹn, ẹ tú u, ẹ fọ ìrẹ́ ẹ̀, ẹ tún un fún, ẹ tún fa ìlà mìíràn kẹ́ ẹ tó gùn ún.